Ohun tí kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀: bí wọ́n ṣe ń wá èròjà òkùnkùn nínú ẹ̀rọ CERN

Nínú gbogbo àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà lẹ́yìn tí proton, èérún inú átọ́ọ̀mù, bá ti kọlu ara wọn ní CERN, ibùdó ìwádìí ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí àwọn tó ń wá dark matter ń fojú sọ́nà fún jù dà bí àwòrán tí ayàwòrán pa tì láìparí. Ní apá kan, jet kan, ìyẹn ọ̀wọ́ èérún tí gbogbo wọn ń sáré gba ojú kan náà lọ, tú jáde láti àárín, ó sì da agbára tó tó 1,000 GeV sínú irin (GeV ni wọ́n fi ń wọn agbára àti ìwúwo èérún; proton kan wúwo tó bíi 1 GeV). Ní òdìkejì, níbi tó yẹ kí nǹkan mìíràn ti kọjú sí i, òfìfo ni. Kò sí ìlà, kò sí àmì. Nǹkan kan gba ibẹ̀ jáde, ẹ̀rọ tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 7,000 kò sì mọ̀ pé ó kọjá.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́n. Nínú ìkọlù tí ATLAS, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ìkọlù ní CERN, kó jọ láàrin 2015 sí 2018, èyí tó bá àpèjúwe yìí mu ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí rírí òfìfo bá tó, wọn ì bá ti kí ara wọn kú oríire tipẹ́. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n rí bá iye tí àwọn èérún tí a ti mọ̀ lè fà mu. Torí náà, wíwá èròjà òkùnkùn (orúkọ tí a ó máa pe dark matter nìyẹn, ohun tó ní ìwúwo àmọ́ tí kì í tàn) nínú ẹ̀rọ ìkọlù jọ iṣẹ́ aṣírò-owó ju iṣẹ́ ọdẹ lọ: èló ló wọlé, èló ló jáde, ta ló mú ìyókù.

Kí ló tiẹ̀ mú wọn gbà pé nǹkan náà wà? Ìràwọ̀ ni. Lọ́dún 1933, Fritz Zwicky wo agbo ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Coma, ó rí i pé eré tí wọ́n ń sá pọ̀ ju ohun tí ìwúwo àwọn ìràwọ̀ tó ń tàn níbẹ̀ lè dá dúró. Ó yẹ kí agbo náà ti tú ká. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970, Vera Rubin àti Kent Ford wọn eré ìràwọ̀ nínú Andromeda àti àwọn ìdìpọ̀ mìíràn, wọ́n rí i pé àwọn tó wà létí ń sáré tó àwọn tó wà nítòsí àárín, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí eré tiwọn dín. Lẹ́yìn wọn, sátẹ́láìtì Planck wọn ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ tó kù lójú ọ̀run. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ohun tí a mọ̀ jẹ́ ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún àgbáyé, èròjà òkùnkùn sì tó ìdá 27. Gbogbo ẹ̀rí wọ̀nyí, ìwúwo nìkan ni wọ́n ń sọ. Kò sí ọ̀kan tó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìkọlù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìkọlù àwọn èérún lásán ló bí èròjà òkùnkùn nínú ooru ìbẹ̀rẹ̀ àgbáyé, a jẹ́ pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ lè tún un bí lónìí. Àbá tó ti gba ọkàn ọ̀pọ̀ onísáyẹ́ǹsì láti ọjọ́ pípẹ́ ni WIMP: èérún tó wúwo ju proton lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá títí dé ẹgbẹ̀rún, tí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn èérún tiwa kò ju fẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá ṣírò iye irú rẹ̀ tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àgbáyé tutù, ó súnmọ́ ohun tí Planck wọ̀n. Agbára LHC, ẹ̀rọ ìkọlù ńlá tó wà ní CERN, sì ká irú ìwúwo yẹn.

LHC wà lábẹ́ ilẹ̀ ní ààlà Switzerland àti Faransé, lẹ́bàá Geneva, ó sì tó kìlómítà 27 yíká. Inú sílíńdà háídrójìn kan ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń ti proton ibẹ̀ ní eré lẹ́sẹẹsẹ: Linac4 á kọ́kọ́ tì í dé 160 MeV (1,000 MeV ni GeV kan), Booster á gbé e dé 2 GeV, PS á gbé e dé 26, SPS á gbé e dé 450, kí LHC tó wá fà á dé 6,800 GeV, tí í ṣe 6.8 TeV. Èyí tó ń bọ̀ lódìkejì náà ní 6.8, àpapọ̀ wọn jẹ́ 13.6 TeV, bó ṣe rí láti ọdún 2022. Òòfà ńlá 1,232 ló ń tẹ ọ̀nà proton kó lè rìn yíká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 15, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 35. Iná tó ju ampere 11,000 lọ ló ń gba inú wáyà wọn, wáyà náà kò sì lè gbé e àfi bó bá tutù débi pé kò ní dí iná lọ́nà mọ́ rárá. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe rì í sínú helium olómi ní dígírì 271.3 sábẹ́ òdo. Òfurufú tó wà láàrin àwọn ìràwọ̀ kò tutù tó bẹ́ẹ̀.

Òtútù yìí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ní 19 September 2008, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí proton rìn yíká, ibi tí wọ́n ti so wáyà òòfà méjì pọ̀ kò dára tó. Iná ta níbẹ̀, ó lu àpótí helium, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 6 tú jáde, ipá rẹ̀ sì ṣí àwọn òòfà nípò. Òòfà 53 ni wọ́n yọ jáde fún àtúnṣe tàbí ìpààrọ̀, ó sì lé ní ọdún kan kí ẹ̀rọ tó padà ṣiṣẹ́. Ní April 2016, ẹranko kékeré kan gun transformer 66,000 volt, iná gbé e, LHC dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ní July 2023, igi wó lu wáyà iná ní Switzerland, òòfà pàdánù òtútù, helium jò, ìkọlù proton ti ọdún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni igi ti ń wó lu wáyà iná.

Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni proton ń rìn. Ọ̀wọ́ kan ní proton tó ju bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún lọ, àlàfo ọ̀wọ́ kan sí èkejì sì jẹ́ nanosecond 25 (nanosecond jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Níbi tí ọ̀wọ́ méjì ti ń pàdé nínú ATLAS tàbí CMS, ẹ̀rọ ńlá kejì tó ń ya àwòrán ìkọlù, wọ́n ti fún wọn débi pé wọ́n tínrín ju fọ́nrán irun lọ, síbẹ̀ ìkọlù bíi 60 péré ló máa ń wáyé. Àwọn yòókù á kọjá lára ara wọn. Ẹ jẹ́ ká fi 60 yẹn sọ́kàn, yóò dá wàhálà sílẹ̀ láìpẹ́.

Bí ìṣirò náà ṣe rí rèé. Ẹni tó ń ta ayò mọ̀ pé ọmọ ayò 48 ló wà nínú ọpọ́n. Bí ọta bá parí tí wọ́n ka 45, kò sẹ́ni tí yóò ní mẹ́ta ti yọ́. Ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Kí proton tó kọlu ara, gígùn ọ̀pá tí wọ́n ń gba inú rẹ̀ kọjá nìkan ni wọ́n ń rìn sí. Ipá ìrìn wọn sí ẹ̀gbẹ́, yálà òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì, òdo ni. Lẹ́yìn ìkọlù náà, bí a bá ro gbogbo ipá ẹ̀gbẹ́ pọ̀, òdo ló gbọ́dọ̀ padà jẹ́. Ohun tó bá dín nínú rẹ̀ ni a ó pè ní àìpé ẹ̀gbẹ́. Wọn kò lè ka ti gígùn ọ̀pá mọ́ ọn, torí àwọn quark àti gluon inú proton ló ń kọlu ara ní tòótọ́, kò sì sí bí a ṣe lè mọ ìpín tí èyí tó kọlu mú nínú ipá proton tó gbé e wá. Ọpọ́n tí a kò mọ iye ọmọ inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí la fẹ́ kà níbẹ̀?

Ohun kan tún wà tí ìròyìn sábà máa ń fò. Bí ìkọlù bá bí èròjà òkùnkùn méjì tí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra lọ, láìsí nǹkan mìíràn, àìpé ẹ̀gbẹ́ wọn á pa ara rẹ̀ rẹ́, ẹ̀rọ kò sì ní rí ohunkóhun tí yóò kọ sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé quark kan ta gluon dànù kó tó kọlu, kí gluon yẹn di jet, kí àwọn méjì tí a kò rí sì jọ fì sí òdìkejì rẹ̀. Jet yẹn ni ẹlẹ́rìí. Nígbà mìíràn photon, èérún ìmọ́lẹ̀, ni ẹlẹ́rìí, nígbà mìíràn èérún tó wúwo bíi Z tàbí Higgs, ṣùgbọ́n jet ló wọ́pọ̀ jù, wọ́n sì ń pe wíwá rẹ̀ ní monojet.

Ẹ̀rọ tó ń ka nǹkan wọ̀nyí rí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. ATLAS gùn tó mítà 46, ó ga tó 25. CMS kúrú jù ú lọ, mítà 21, àmọ́ ó wúwo ní ìlọ́po méjì rẹ̀, tọ́ọ̀nù 14,000. Silicon ló wà ní inú pátápátá, òun ló ń ya ipa ọ̀nà àwọn èérún tó ní iná lára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni calorimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára, tó ń gbé electron àti photon mì, kí ó tó kan èyí tó ń gbé jet mì. Nínú àwọn èérún tó ṣeé rí, muon, ìbátan electron tó wúwo jù ú lọ, nìkan ló ń la gbogbo wọn já, àwọn yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá sì wà nílẹ̀ dè é. Bí ATLAS bá fẹ́ yan monojet, wọ́n á ní kí àìpé ẹ̀gbẹ́ ju 200 GeV lọ, kí jet tó lágbára jù ju 150 GeV lọ, kí jet má ju mẹ́rin lọ lápapọ̀, kí electron, muon, tau tàbí photon má sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n tún ń wo igun tó wà láàrin jet kọ̀ọ̀kan àti ojú ibi tí òfìfo wà: ó kéré tán, kó ju 0.4 radian lọ, bíi dígírì 23. Ìdí ni pé calorimeter lè ṣi ìwọ̀n ṣe, kó ka jet 500 GeV sí 350. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, òfìfo ayédèrú á yọ, ojú ibi tí jet yẹn gbà gan-an ni yóò sì dojú kọ.

Kí gbogbo èyí tó wáyé, ìkọlù náà gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́nu trigger, ìyẹn ètò tó ń yan ìkọlù tí wọ́n máa fi pamọ́, ó sì dà bíi pé ibẹ̀ ni ohun púpọ̀ ti ń sọnù. Ọ̀wọ́ proton lè pàdé tó ìgbà mílíọ̀nù 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkọsílẹ̀ ìgbà kan ṣoṣo ju megabyte kan lọ. Kò síbi tí a lè kó gbogbo rẹ̀ sí. Ìpele kìíní trigger, tí ó jẹ́ kìkì irin iṣẹ́ láìsí kọ̀ǹpútà lásán, ní microsecond méjì àti ààbọ̀ láti yan bíi 100,000. Ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà á tún wo ìyẹn, wọ́n á fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ pamọ́. Ohun tí wọ́n dà nù kò ṣeé pè padà. Nítorí pé ìkọlù 60 ń ya wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àṣìṣe kékeré láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á para pọ̀ di àìpé ẹ̀gbẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ẹnu ọ̀nà kalẹ̀ sí 100 GeV, ayédèrú á bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ibi tí 200 yẹn ti wá nìyẹn. Bí èròjà òkùnkùn bá sì ń yọ́ jáde pẹ̀lú ipá tó kéré sí i, ó ti bá ìdọ̀tí lọ.

Ká wá sọ̀rọ̀ àfarajọ, torí òun ni gbogbo wàhálà. Èérún kan tí ń jẹ́ neutrino kì í fi ipasẹ̀ sílẹ̀ nínú ATLAS, a sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Bí ìkọlù bá bí jet kan àti Z kan, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún Z ló máa ń di neutrino méjì. Àwòrán tí yóò yọ kò yàtọ̀ sí ti èròjà òkùnkùn ní ohunkóhun. Kò sí àmì tí a fi lè dá ọ̀kan mọ̀ nínú wọn. Kí ni kí wọ́n ṣe? Z kan náà ń di muon méjì nígbà mìíràn, bíi ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Muon ṣeé rí. Wọ́n á kó gbogbo Z tó di muon jọ, wọ́n á pa muon méjèèjì rẹ́ nínú ìwé ìṣirò bíi pé wọn kò sí, wọ́n á wo irú àìpé tó yọ, wọ́n á sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Iye neutrino tó yẹ kí wọ́n retí nìyẹn, láìjẹ́ pé wọ́n rí ẹyọ kan. W, èérún mìíràn tó jọ Z, náà máa ń di electron, muon tàbí tau pẹ̀lú neutrino. Bí èérún tó ṣeé rí bá gba ibi tí ẹ̀rọ kò bò, tàbí tí ẹ̀rọ bá ṣì í mọ̀, àfarajọ mìíràn ti dé.

Ọgbọ́n yìí dára, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí àfarajọ bá tó mílíọ̀nù kan, àṣìṣe ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 10,000. Èròjà òkùnkùn 5,000 lè sá pamọ́ sínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fura. Fífi kún iye ìkọlù kò ní wo èyí sàn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ mọ Z àti W dáadáa ju bó ṣe mọ̀ wọ́n lọ, kó tún jókòó ti ìṣirò jet wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi tí àìpé ẹ̀gbẹ́ ti ju 1,000 GeV lọ, àfarajọ kò pọ̀ mọ́, ìkọlù púpọ̀ sí i sì wúlò níbẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn neutrino ni ti àìsàn ẹ̀rọ. Ihò kékeré kan nínú calorimeter lè máa pariwo láìsí ìdí, òmíràn lè ti kú. Proton tó ṣìnà lè kọlu irin ní iwájú, kó bí muon tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá wọ inú ẹ̀rọ. Muon láti ojú ọ̀run náà ń la ilẹ̀ kọjá wọlé. Gbogbo wọn lè da agbára sí ojú kan, kí ó jọ monojet. Wọ́n ń mú wọn nípa ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni àkókò: wọn kì í dé lásìkò kan náà pẹ̀lú ohun tó ti àárín wá. Èkejì ni pé jet gidi ní ipa ọ̀nà nínú silicon. Jet tí calorimeter rí tí silicon kò rí, wọ́n á jù ú nù.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò béèrè fún òfìfo rárá. Bí quark bá lè bí èròjà òkùnkùn, ó ṣeé ṣe kí alárinà kan wà láàrin wọn, èérún tó mọ ìhà méjèèjì. Alárinà tí quark bí lè padà di quark. Nígbà náà, bí a bá ro ìwúwo jet méjì-méjì, òkè kékeré kan yóò yọ lójú ìwúwo alárinà náà. Wọ́n ti wá a, wọn kò tíì rí i. Nínú àpẹẹrẹ kan tí gbogbo wọn fi ń ṣe ìfiwéra, monojet nìkan ti ti ilẹ̀kùn mọ́ alárinà títí dé bíi 2 TeV, níwọ̀n ìgbà tí èròjà òkùnkùn inú àpẹẹrẹ náà bá fúyẹ́.

Òkè lè tan ènìyàn jẹ o. Ní December 2015, ATLAS àti CMS jọ rí photon méjì-méjì tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi 750 GeV. Kó tó pé oṣù mẹ́jọ, àwọn onísáyẹ́ǹsì ti kọ ìwé tó lé ní 500 lé e lórí, àwọn kan sì ti so ó mọ́ èròjà òkùnkùn. Ní August 2016, ìkọlù tuntun kó òkè náà lọ. Ẹni tó bá wo ọgọ́rùn-ún ibi yóò rí ibì kan tó ga nípa èèṣì lásán. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń béèrè 5 sigma, kí ó jẹ́ pé èèṣì kò lè fa irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà bíi mílíọ̀nù 3.5.

Higgs, tí wọ́n kéde ní 4 July 2012, ti di ilẹ̀kùn tó ṣe pàtàkì. Bí èròjà òkùnkùn bá fúyẹ́ tó, tí Higgs sì mọ̀ ọ́n, Higgs lè parẹ́ sínú rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ lè mú Higgs parẹ́ sínú neutrino ní ìdá 0.1 péré nínú ọgọ́rùn-ún. ATLAS ti fi hàn pé ìparẹ́ rẹ̀ kò lè ju ìdá 10.7 lọ, ti CMS jẹ́ 15. Àlàfo láàrin 0.1 àti 10 ṣì gbòòrò gidigidi, a sì lérò pé ibẹ̀ ló yẹ kí a fojú sí ju gbogbo ibi yòókù lọ.

Àwọn mìíràn ń dúró de èròjà òkùnkùn tó ń fẹ́ gba inú ayé kọjá. Ẹ̀rọ LZ, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà kan àti ààbọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní South Dakota, ń ṣọ́ tọ́ọ̀nù 7 xenon olómi bóyá nǹkan kan á ta á. Fún WIMP tó wúwo bíi 40 GeV, nínú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ, kò sí ẹ̀rọ ìkọlù tó lè bá a du. Ṣùgbọ́n èròjà tó fúyẹ́ ju GeV mélòó kan lọ kò ní ipá láti mi xenon, nígbà tí kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ fún LHC láti bí 1 GeV tàbí 100. Àwòrán tó to ìlà LHC àti ìlà LZ, ìyẹn ìlà tó ń fi ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá a dé hàn, pọ̀ sójú kan máa ń wọ́pọ̀. Kí òǹkàwé fura sí i. Ìlà LHC dúró lórí agbára tí wọ́n fojú bu fún alárinà. Bí wọ́n bá yí nọ́ńbà yẹn padà, ìlà náà á ṣí.

Àtìgbà tí WIMP kò ti yọjú ni wọ́n ti ń wo ibi tí wọn kì í wò tẹ́lẹ̀. CMS ń lo ohun tí wọ́n ń pè ní scouting: wọ́n á fi àkékúrú àkọsílẹ̀ pamọ́ dípò odindi, kí wọ́n lè mú ìkọlù tó fúyẹ́, èyí tí trigger ì bá dà nù. Ẹ̀rọ FASER jókòó sí mítà 480 sí ibi ìkọlù ATLAS, lẹ́yìn àpáta, ó ń dúró de èérún tó pẹ́ kó tó fọ́. Ní 2023 ó kéde neutrino àkọ́kọ́ tí wọ́n rí láti inú ẹ̀rọ ìkọlù. Dark photon, irú photon kan tí àbá so mọ́ èròjà òkùnkùn, tó wà nínú ohun tó ń wá kò yọjú. Ẹ̀rọ SHiP, tí CERN fọwọ́ sí ní 2024, yóò da proton SPS lu irin ńlá kan, yóò sì ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Àárín ọdún 2026 ni wọ́n fi ìparí sáà ìkọlù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022 sí, kí wọ́n lè fi òòfà niobium-tin àti silicon tuntun sí ẹ̀rọ. Ọdún 2030 ni wọ́n fojú sí pé yóò padà, ohun tí yóò kó jọ lápapọ̀ sì tó ìlọ́po 20 ti 2015 sí 2018. Ìkọlù tí yóò máa ya wọlé lẹ́ẹ̀kan á kúrò ní 60, á di 140 títí dé 200. Wàhálà trigger tí a sọ lókè á tún le sí i.

Ká ní monojet wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà náà, tí ó sì kọjá 5 sigma ńkọ́? LHC kò ní lè sọ pé èròjà òkùnkùn ni. Èérún tó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ á ti jáde kúrò nínú ATLAS kí nanosecond 100 tó pé. Bó bá fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn náà, àwòrán rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti èyí tó máa wà títí láé, èròjà òkùnkùn ojú ọ̀run sì ti wà fún ọdún bíi bílíọ̀nù 13.8. LHC lè sọ ìwúwo tí àwọn yòókù yóò máa wò. Kí a tó lè pe orúkọ rẹ̀, xenon tàbí ohun mìíràn tó ń ṣọ́nà lábẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mì.